Ìbora Tí Wọ́n Ní Kí N Má Parí

N kì í ṣe ẹni tí í jókòó. Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé n kò rá kòrò rí, pé orí ẹní ni mo ti dìde tí mo sì gba ìta lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ará Ìdànrè tí mo sì tẹ̀lé e dé ìlú rẹ̀, iṣẹ́ ẹsẹ̀ náà ni mo yàn láàyò. Mo ń ta omi tútù àti mínírà fún àwọn àlejò tó ń wá gun Òkè Ìdànrè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn, wọn a máa retí oníbàárà. Èmi a gbé kúlà mi rù, n ó gba àtẹ̀gùn lọ bá wọn lókè. Ibi ìsinmi kejì lọjà mi ti ń tà jù, nítorí ibẹ̀ ni fáàrí àlejò máa ń pin sí.

Nítorí náà, nígbà tí dókítà kan ní Àkúrẹ́ sọ pé kí n lọ jókòó sílé fún oṣù márùn-ún, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Oyún méjì ti bọ́ lára mi kí ẹlẹ́kẹta yìí tó dé, èkíní ní oṣù karùn-ún, èkejì nígbà tó ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́fà. Dókítà ṣàlàyé pé ẹnu ilé ọmọ mi kò lágbára, pé bí ọmọ bá ti ń wúwo ni ibẹ̀ ń ṣí. Ó ti rán an pa báyìí, ó ní iṣẹ́ tó kù, tèmi ni. Kí n má dìde àfi bí mo bá fẹ́ wẹ̀ tàbí kí n lọ sí ilé ìgbẹ́, kí n má gbé ohun tó wúwo ju ife omi lọ, kí n má sì gun òkè kankan. Ìlú tí àpáta wà lẹ́yìn ilé gbogbo ènìyàn ni ó ní kí n má ti gun òkè.

Ìyá ọkọ mi kó wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kẹta. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Opó ni wọ́n, wọ́n ti ṣe oko kòkó títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n sì ń ṣe, àwọn aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Màmá gbé àpótí wọn sí kọ̀rọ̀ yàrá mi, wọ́n fa àga kan sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ pa. Àga yẹn gan-an ló ń dùn mí. Bí mo bá fẹ́ jáde, àfi kí n gba iwájú orúnkún wọn kọjá.

Kí n má purọ́, n kò fẹ́ràn wọn nígbà náà. Nígbà oyún kejì, mo ti ra aṣọ ọmọ sílẹ̀: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì kéékèèké mẹ́fà. Mo kó wọn sínú báàgì kan lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí oyún náà bọ́ tí mo ti ilé ìwòsàn dé, báàgì kò sí níbẹ̀ mọ́. Màmá ti kó o fún ẹlòmíràn. Wọn kò bi mí léèrè, wọn kò sì sọ ẹni tí wọ́n kó o fún. Ọkọ mi ni wọ́n sọ fún pé nínú ìdílé àwọn, a kì í ra ẹrù ọmọ de ọmọ. Bí ọmọ bá dé, ọjà kò ní sá lọ. Etí mi gbọ́ ọ bí ẹ̀bi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń sọ pé ìbọ̀sẹ̀ tí mo rà ló lé ọmọ lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọdún kan àtààbọ̀, mo sì ń bá a sùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí mo fi jókòó, díẹ̀ ló kù kí n ya wèrè. Mo ka pátákó àjà, mo ka ìṣó tó wà lára wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí Màmá ń húkọ́. Láti ojú fèrèsé mo ń rí apá kan àtẹ̀gùn, mo ń rí àwọn àlejò tó ń gòkè pẹ̀lú igo omi tí ẹlòmíràn tà fún wọn. Ó ń bí mi nínú. Mo jágbe mọ́ ọkọ mi nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, mo tún jágbe mọ́ ọn nítorí pé kò fún mi lésì. Takisí ló ń wà láàárín Ìdànrè àti Àkúrẹ́, mo sì mọ̀ pé ariwo èrò ọkọ̀ ti wá dùn mọ́ ọn létí ju ohùn mi lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà mí sílẹ̀. Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Odode, àdúgbò wa, Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Àwọn ìbejì rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń jowú rẹ̀, méjèèjì papọ̀. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó wò mí títí, ó ní ojú ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mo ń wò. Lọ́jọ́ kejì ó gbé wúlù nínípọn wá, funfun àti pupa, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kíróṣé kan tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Màmá rí pupa. Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka méjì gbé e, wọ́n lọ gbé e sórí pèpéle níta. Ìjọ wọn kì í wọ pupa, wọn kì í sì í jẹ́ kó bá wọn gbélé. Ìyá Ìbejì tọrọ àforíjì, ó lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ kòkó tó pọ́n. Màmá yẹ ìyẹn wò lójú oòrùn kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ìyá Ìbejì ní fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ìbora aláwọ̀ méjì ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí èèyàn máa kọ́ kò ju ojú méjì lọ, ojú kúkúrú àti ojú gíga. Mo kọ́kọ́ ta ẹ̀wọ̀n, ojú òwú kan gba inú òmíràn jáde, ọgọ́rin ojú. Lẹ́yìn náà ó ku kúkúrú kan, gíga kan, kúkúrú kan, gíga kan, títí dé òpin ìlà. Bí mo bá yí i padà, gíga ni kí n fi lé orí kúkúrú, kúkúrú ni kí n fi lé orí gíga. Nítorí pé ojú méjèèjì kò ga bákan náà, aṣọ náà kì í tẹ́jú. Ó máa ń yọ kókó kéékèèké tí ọwọ́ kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Ìlà méjì funfun, ìlà méjì ìyeyè. Ó ní kò sí ohun mìíràn níbẹ̀, pé ọmọdé á ṣe é. Irọ́ tó pa fún mi nìyẹn.

Ohun tí kò sọ ni pé ojú tó kẹ́yìn ìlà máa ń fara pamọ́. Mo ń fò ó láìmọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ìlà ogún, ìbora mi ti fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ti tín-ín-rín lókè, kò yàtọ̀ sí fìlà. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n tú u palẹ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa ka ojú rẹ̀ ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo tú u. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá Ìbejì kò sí níbẹ̀, inú sì bí mi débi pé mo ju gbogbo rẹ̀ nù. Òwú náà yí gbirigbiri, ó wọ abẹ́ àga Màmá.

Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un. Wọ́n fara balẹ̀ ká a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wá gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ nǹkan kan ní èdè Ìdànrè, tó máa ń sáré ju etí èmi àjòjì lọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Wọ́n tún un sọ ní Yorùbá tó yé mi.

"Máa hun ún. Ṣùgbọ́n má sọ ẹni tó ni ín, má sì parí rẹ̀."

N kò bèèrè ìdí. Mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá parí rẹ̀, ó di ẹrù ọmọ, ọmọ ò sì tíì dé. Bí n kò bá parí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Mo fẹ́ bá wọn jà lórí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ báàgì ṣì wà nínú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tiwọn ti ràn mí kí n tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó sì bèèrè ohun tí mo ń hun, mo máa ń ní aṣọ orí àga ni.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí wọ́n ṣì fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ìyá Ìbejì ti sọ pé ọgọ́ta ìlà tó fún ohun tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ. Ọwọ́ mi sì ti yá, mo dé ọgọ́ta nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́fà. Ọlọ́gbọ́n ì bá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kó fi òwú rẹ̀ sílẹ̀ láìgé, kó sì máa wò ó. Èmi kò lè wo nǹkan. Wọ́n ní kí n má parí rẹ̀, mo sì ń bá a lọ. Mo kọjá ọgọ́rùn-ún. Mo kọjá igba. Ìbora ọmọ gùn ju ibùsùn lọ, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi bi mí bóyá títì Àkúrẹ́ ni mo ń hun. Àǹtí rẹ̀ kan wá kí wa, ó gbọ́ pé aṣọ àga ni, ó ní ṣé gbogbo bẹ́ǹṣì ìjọ ni mo fẹ́ fi bò. Mo rí Màmá tí wọ́n yára fi ìró bo ẹnu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín wọn nìyẹn.

Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé òwú yẹn ló so ọmọ mọ́ mi lára, pé bí ọwọ́ mi bá dúró, yóò já. Mo kàwé. Dókítà ti ya àwòrán ẹnu ilé ọmọ sórí ìwé fún mi, ó sì yé mi. Síbẹ̀, bí mo bá jí, abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń wá kí n tó wá omi.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù keje oyún, òwú tán. Màmá ti lọ sí ìjọ, wọ́n sì fi mí lé ọkọ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi sáré lọ wá epo sí ọkọ̀ rẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lú ọwọ́ òfo fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ara mi ń já mi jẹ. Àga ẹnu ọ̀nà ṣófo. Mo sọ fún ara mi pé òwú ni mo fẹ́ lọ rà, mo fi gèlè wérí, mo jáde. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì wà lápá òsì. Ẹsẹ̀ mi yà sápá ọ̀tún.

Àwọn tí a jọ ń tajà tẹ́lẹ̀ kí mi nídìí àtẹ̀gùn, mo dá wọn lóhùn bí ẹni tí kò ṣe ohun tó burú. Mo gun àtẹ̀gùn kan, ó dùn mọ́ mi. Mo gun èkejì, atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú, mo sì rántí ara mi. Ní ìkẹsàn-án, inú mi le gbagidi bí àpáta tí mo dúró lé. Ó le, kò sì fẹ́ rọ̀. Mo jókòó síbẹ̀. N kò ké. Mo ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn olómi tútù ló gbá mi mú, tó sì mú mi rìn padà sílé, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, eruku ti bo ẹsẹ̀ wọn. Mo ti múra sílẹ̀ de igbe, mo tilẹ̀ ti ní èsì. Wọn kò kígbe. Wọ́n mú mi wọlé, wọ́n mú mi jókòó sórí ibùsùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sórí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ni ìyá tó bí ọkọ mi, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fi orúnkún méjèèjì kan sìmẹ́ǹtì níwájú mi.

Wọ́n ní, "Èmi náà rán aṣọ sílẹ̀ rí, fún èyí tó ṣáájú ọkọ rẹ. Aṣọ yẹn pẹ́ nílé ju ọmọ lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń rí i lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ ọ́, jókòó."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ tèmi, wọ́n fi ọwọ́ dá mi padà. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, wọn kò dìde àfi ìgbà tí mo ṣèlérí. Ó yé mi nígbà náà pé wọn kò gbé báàgì yẹn lọ láti dá mi lẹ́bi. Wọ́n gbé e lọ kí n má baà máa rí i. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e, à bá ti fi ọdún kan àtààbọ̀ ṣe nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn náà kì í ṣe ẹni tí í sọ̀rọ̀.

Inú mi rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ìbejì gbé òwú mìíràn wá, mo sì jókòó. Mo jókòó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, omi bọ́ lára mi sórí ibùsùn, oṣù kẹjọ kò sì tíì parí. Ọkọ mi fi takisí rẹ̀ gbé wa lọ sí Àkúrẹ́. Nínú ìkánjú, ó ká ìbora náà sábẹ́ mi kí àga ọkọ̀ má baà gún mi, Màmá sì mú abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ dání.

Ọmọkùnrin ni. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n sì gbé e kọjá lójú mi. Kò wúwo ju àgbébọ̀ adìẹ lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì tó ń móoru, wọ́n ní kí a máa wò ó, ká má fọwọ́ kàn án. Wọn kò ṣe ìlérí kankan fún wa.

Ní gbogbo oṣù tí mo fi jókòó, n kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tó le ju jíjókòó lọ. Bí mo bá wo abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí láti hun, ẹ̀rù sì ń bà mí láti má hun. Mo gbé gbogbo rẹ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ Màmá lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀, láti ojú gíláàsì dé ẹnu géètì, títí nọ́ọ̀sì kan fi ní bí n kò bá dẹ́kun, òun á so mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé e padà.

Ọjọ́ kẹrin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí ohun tí Màmá ń ṣe. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà, ìbora wà lórí ẹsẹ̀ wọn, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń hun ún. Ẹnì kankan kò kọ́ wọn. Oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ni wọ́n fi wò mí. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ dání bí ẹni mú ọ̀bẹ. Ètè wọn ń mì, n kò sì mọ̀ bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà tàbí ojú òwú ni wọ́n ń kà. Mo kọjá, wọn kò gbé ojú sókè.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde nínú gíláàsì tó sì gbé e lé mi láyà, tó ní kí a máa lọ sílé, Màmá fi eyín já òwú náà. Bó ṣe parí nìyẹn. A ṣẹ́ ìbora náà po lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó ṣeé fi wé ọmọ.

Ìyá Ìbejì wá kí wa lọ́jọ́ kejì tí a délé. Ó gbé ọmọ, ó súre fún un, ó sì fọwọ́ pa ìbora náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ó fi dé ibi tí Màmá hun. Ó yí i sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ojú kúkúrú nìkan ni Màmá mọ̀, wọn kò fi gíga kankan sí i, wọ́n sì fa òwú náà le débi pé etí ìbora ká wọnú. Funfun àti ìyeyè kò tẹ̀lé ara wọn mọ́. Ìyá Ìbejì ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òun máa fi tú ibẹ̀, òun á sì tún un hun kó dọ́gba. Ó ti ń wá ìdí òwú.

Mo ní bó bá tú ojú kan níbẹ̀, kó má wọ ilé mi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó wò mí, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn. Ọ̀rẹ́ ni, ó mọ ìgbà tí wọn kì í bá mi jà.

Nígbà tó lọ, mo tẹ́ ibẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi, mo sì kà á. Ìlà mọ́kànlá ni. Mo tún un kà láti òpin, kó má jẹ́ pé mo fo ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ wa lò nínú gíláàsì. Màmá, tí wọ́n ní kí n má parí rẹ̀, ti hun ìlà kan fún un lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Mo gbọ́ wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọ aṣọ ọmọ. N kò lè dìde fún ẹkún. Mo pè wọ́n láti ibi tí mo jókòó sí, mo ní, "Màmá, ẹ wá gbé ọmọ yín."

Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n sì wá gbé e.